Létà Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà Verna

Nígbà tí Hildie da ife kọfí sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká Verna àbúrò rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n bá òun bu òmíràn. Bí Hildie ṣe rí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ìbàdí ti ń dá a lóró, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, àmọ́ kò sóhun tó ṣe ẹnu rẹ̀. Verna nu kọ̀ǹpútà náà gbẹ, ó dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ó ń retí kó jí. Kò jí.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló dùn ún. Àwọn ímeèlì Orville ló wà nínú rẹ̀. Aládùúgbò wọn ni Orville tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ló ta oko, ó kó lọ sí Nanaimo létí òkun, níbi tí yìnyín kì í ti í pẹ́ nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni òun àti Verna ti ń kọ̀wé síra wọn. Ní oṣù Kẹta tó kọjá, ó béèrè bóyá Verna á wá máa bá òun gbé. Ó ní ilé òun tóbi ju ẹnì kan lọ, àti pé òun ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì, nítorí òun ò fẹ́ fòòró ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Verna kọ èsì. "Mò ń bọ̀," ló kọ. Kò fi ránṣẹ́.

Ẹni tó bá ti gbé oko ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan tiwọn yìí rí á mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé okùn tẹlifóònù ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú síni lọ́rùn, ńṣe lèèyàn máa ń já a, á jókòó kọ létà rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, á tún un so nírọ̀lẹ́ kó lè lọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti dára báyìí, àmọ́ Verna ò jáwọ́ nínú àṣà yẹn bí létà bá wúwo. Ìrọ̀lẹ́ á lẹ́, kọ̀ǹpútà á bi í pé: létà kan wà nílẹ̀ tí kò tíì lọ, ṣé kó lọ? Verna á tẹ Rárá. Ó tẹ Rárá títí yìnyín fi yọ́, ó tẹ Rárá nígbà ìkórè, yìnyín tún dé bá a lẹ́nu Rárá.

Torí Hildie ni. Ta ni yóò máa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà? Ta ni yóò máa wakọ̀ gbé e lọ rí dókítà? Ọmọ ìyá ẹni kò ṣeé jù sínú òtútù. Ìgbà míì tí Verna bá ń fọ abọ́, tó wo ojú fèrèsé, tó rí oko funfun títí dé ibi tí ojú mọ, á ṣe é bíi pé wọ́n fi ìgò dé òun mọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ á bàjẹ́, á sì tún máa bínú sí ara rẹ̀ pé inú òun bàjẹ́.

Ó ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ó gbé e pẹ̀lú òkú ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ Darcy, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí wọ́n ti ń yí òkúta lórí yìnyín. Ó mú àpótí kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà dání, èyí tó máa ń kó ẹ̀dà gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Verna kọ́ Darcy ní Bíbélì nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyẹn ló fi ń pè é ní Àǹtí. Darcy yẹ àpótí náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹkún làwọn èèyàn ń sun wá bá òun, láìní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́. Àǹtí Verna nìkan ló ń ṣe ẹ̀dà bí ẹni ń san ìdá mẹ́wàá. Ó ní kó lọ mu tíì nínú gbọ̀ngàn, kó tó padà dé òun á ti ṣe tán.

Lóòótọ́, nígbà tó padà dé, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀, títí kan létà Orville àkọ́kọ́, èyí tó fi ń ṣàròyé pé àwọn ẹyẹ òkun kì í jẹ́ kóun sùn. Ara Verna wálẹ̀.

"Ohun kan ṣì kù," Darcy ní. "Létà kan há sínú ẹ̀, Àǹtí, láti oṣù Kẹta. Ẹ̀rọ bi mí bóyá kó lọ, mo ní kó máa lọ. Ẹ ò rí i pé mo ṣe yín lóore."

Verna wá àga jókòó. "Darcy, ṣé ó ṣeé dá padà?"

"Èyí tó ti lọ? Kò ṣeé dá padà o. Àbí kò yẹ kó lọ ni?"

Verna sanwó, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ ti balẹ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti bọ́. Ẹ̀rù bà á dé ìdajì ọ̀nà ilé. Láti ibẹ̀ ni ayọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wọlé sí i lára. Ó ń ro ohun tí yóò sọ fún Hildie, ó ń ro aṣọ tí yóò dì.

Èsì Orville dé kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Ó ní òun rí ọjọ́ tó wà lórí létà náà. "Ká ní ó dé nígbà yẹn ni, ǹ bá ti wá pàdé ẹ ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo retí ẹ títí di oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ mi obìnrin àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ti kó wọlé báyìí, kò sáyè mọ́. Má bínú, Verna."

Ìdí tábìlì níbẹ̀ ló ti sunkún. Hildie bi í kí ló dé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Hildie ò bú u. Ó kàn ń yí ife rẹ̀ po lórí tábìlì.

"Torí tèmi lo ṣe ń tẹ Rárá?"

"Ta ni ì bá máa tọ́jú yín?"

"Wò ó," Hildie ní, "ilé àwọn arúgbó tó wà nílùú ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé yàrá kan ti ṣófo. Tina ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi káàdì ṣeré láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi náà ní rárá. Mo ní mi ò lè fi àbúrò mi nìkan sílẹ̀ nínú oko yìí, pé kò lẹ́nì kankan."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò sọ fún mi."

Hildie ti ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́ òun á pe ilé náà, òun á ní òun ń bọ̀. Ó wá bi Verna níbo lòun náà máa lọ. Látọjọ́ yìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ni Verna ní sí ìbéèrè yẹn, ìdáhùn náà sì ti lọ sọ́dọ̀ Orville, ó ti bọ̀ lófo. Ó ní òun ò mọ̀.

"Kò sẹ́ni tó mú ẹ dè, Verna," Hildie ní.

Verna nu ojú, ó dìde, ó sì lọ bu kọfí fún un. Hildie ò tíì ní kó bu òmíràn.