Ohun tí ń ké nínú àjà ilé Komah

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé mi. Mò ń padà sí Kambolé."

Ọmọ àbúrò bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Sokodé, ó sì ku oṣù mẹ́rin péré kí ọ̀gá rẹ̀ tú u sílẹ̀. Bí ó bá lọ báyìí, ọdún mẹ́ta ṣòfò nìyẹn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní nǹkan kan ń ké nínú ilé àwọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á ké lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, kí èèyàn tó ka ọgọ́ta á tún ké. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù láti Kambolé, ìlú wa, ó ní kí ó má sùn níbẹ̀ mọ́.

Mo gun alùpùpù dé Komah, àdúgbò tí ó ń gbé ní Sokodé, lẹ́yìn ìrun àyìlá. Yàrá mẹ́rin ló wà ní ilé náà, lábẹ́ páànù kan ṣoṣo. Àwọn ayálégbé ti tẹ́ ẹní síta. Àfáà kan wà nínú ilé, ó ń ka Áyátúl-Kúrísì, ó ń fẹ́ ẹ sí igun yàrá kọ̀ọ̀kan.

"Inú ògiri ló wà," ni ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ sọ.

"Irọ́! Abẹ́ ibùsùn ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Àbí ìwọ tó o ti sá lọ ń sùn ní mọ́sálásí lo fẹ́ júwe ibi tó wà fún mi?"

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ. Mo mọ ohùn yẹn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe. Ní ti ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn èéfín, tó ń ké láti kìlọ̀ iná, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi; mo kà á lórí fóònù, ní Faransé, títí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yẹn, mo bẹ onílé títí ó fi gbà kí n fi ọ̀kan sínú àjà. Ògiri àárín yàrá kì í kan páànù nílé wa. Bí wọ́n bá ti kan pátákó àjà, òfìfo tó wà lókè rẹ̀ á so gbogbo yàrá pọ̀, iná lè gbabẹ̀ dé yàrá kẹrin kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo wọn òfìfo náà: ó ju mítà kan lọ ní àárín. N kò so ẹ̀rọ mọ́ páànù, nítorí lọ́sàn-án, ooru páànù máa ń dá èéfín dúró nísàlẹ̀. Igi òrùlé ni mo so ó mọ́, ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sísàlẹ̀ páànù, jìnnà sí kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Lẹ́yìn náà káfíńtà kan pátákó, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, mo sì ya fọ́tò, nítorí kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ohunkóhun wà lókè.

Ojú ìwé kan wà tí mo fò. Ó ní ẹ̀rọ tí a bá fi sínú àjà gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn tí a lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí iná kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí yóò máa tọ́ka sí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ilé ni.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àfáà, mo sọ òótọ́ fún gbogbo wọn. Mo ní ẹ̀rọ mi ló ń ké bẹ́ẹ̀, nítorí bátìrì rẹ̀ ti ń tán.

"Bátìrì ló ń kú?" ni ìyàwó aláṣọ wí. "Ọ̀gá àlùjọ̀nnú, ẹ káàbọ̀ o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gun àkàbà, mo fi ayùn gé pátákó lókè ibùsùn àbúrò mi, mo ti orí bọ inú òkùnkùn.

Eruku. Ìgbẹ́ eku. Ẹ̀rọ náà wà níbi tí mo fi í sí gan-an. Ṣùgbọ́n nítòsí rẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti lọ́ wáyà méjì pọ̀ láìfi wọ́n sínú àpótí, igi àjà ti jó dúdú, ó gùn tó apá mi. Wáyà kan ti já. Mo fọwọ́ kan igi náà. Ó tutù. Èédú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀. "Ǹjẹ́ ó ti ké rí láìdúró?"

Àbúrò mi wo ọwọ́ mi. "Lẹ́ẹ̀kan. Nínú oṣù ààwẹ̀, lọ́sàn-án. Igbe ni, ẹ̀gbọ́n, kò mí rárá. Gbogbo wa sáré síta, à ń ka kálímà. Iná mànàmáná wá lọ. Nígbà tó yá, ó dákẹ́."

"Ẹnikẹ́ni ò wo òkè?"

"Òkè wo? A ò mọ̀ pé nǹkan kan wà lókè."

"Àní mò ń bú àwọn oníná pé wọ́n mú iná lọ," ni aláṣọ sọ. "Mo ní omi ìṣínu mi á gbóná..." Ó gbójú sókè wo ihò tí mo gé. Bí iná mànàmáná kò bá lọ lọ́jọ́ náà, ilé ìbá ti jó.

Mo tún wáyà so, mo fi í sínú àpótí, mo pààrọ̀ bátìrì, mo sọ ibi tí mo gé di ilẹ̀kùn. Ilé pa rọ́rọ́. Mo rò pé inú àbúrò mi á dùn.

"Tí kò bá ké mọ́," ó ní, "báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè?"

Mo fi bọ́tìnnì tí yóò máa tẹ̀ wò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ hàn án. Ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ké. Kò tètè sọ̀kalẹ̀. Ibi tó jó yẹn ló ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó pe ìyá rẹ̀, ó ní òun kò tíì ní í wálé. Ó sì dúró títí ọ̀gá rẹ̀ fi tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó gbé ibùsùn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kì í sì í ti ilẹ̀kùn.