Òróró Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Mọ́tò Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá wa mọ́tò bàbá mi gba Òkè-Ìlá ní Adó kọjá, àwọn kan á wo bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á ní ògo ni fún Ọlọ́run. Inú á sì bí mi. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì rò pé ó ti tó àkókò tí yóò rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí bàbá mi kú, ó fi mọ́tò búlúù kan sílẹ̀. Èmi ni mò ń wà á, nítorí èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú màmá mi nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí Òkè-Ìlá, ibẹ̀ ni mo sì ti ń lọ ṣe iṣẹ́ tíṣà. Orúnkún màmá mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò lè gun ọ̀kadà, kò lè rìn dé etí títì. Mọ́tò yẹn ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun náà ló ń gbé e lọ Igbemo, níbi tí wọ́n ti bí i, láti lọ rí àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo tó kù láyé. Bí mọ́tò yẹn bá lọ, màmá mi di ẹni àjókòósílé nìyẹn, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbé ní Ìyìn, ó ní mọ́tò tirẹ̀, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan náà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ẹ má rò pé mò ń bú u. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá wá kí wa, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ wò. Òòrùn ti bá kílíà orí rẹ̀ jà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n máa ń fi parí iṣẹ́ kí mọ́tò lè máa dán. Ó ń bó, ó ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, abẹ́ rẹ̀ funfun bí orí ọmọ tó ní làpálàpá. Ẹ̀gbọ́n mi ní mò ń ba orúkọ bàbá wa jẹ́ nígboro. Ó ní obìnrin ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í rú èéfín, bíréékì rẹ̀ ń mú dáadáa, mi ò jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ rí, kò rí ọ̀kankan nínú gbogbo ìyẹn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣáá ni.

Lọ́jọ́ kan ó sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní òun ni àkọ́bí, òun sì ti rí ẹnìkan tó ń ra mọ́tò kọ̀ndémù, tó máa ń fi iná gé wọn wẹ́wẹ́. Ó ní òun máa mú un wá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Mo bi í pé kí ni màmá á máa wọ̀ jáde. Ó ní òun á máa yà wá gbé e. Ẹni tó jẹ́ pé oṣù méjì méjì ló ń yọjú! Mo ní bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá tún dán kó tó di Sátidé yẹn ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó bá dán, òun ò ní sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò náà mọ́. Màmá mi jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́.

Àwọn tó ń kun mọ́tò tí mo lọ bá ní kí n gbé e sílẹ̀ títí wọ́n á fi ráyè. Mo ní kò burú, èmi fúnra mi ni mo máa kùn ún nílé. Bàbá arúgbó kan ládùúgbò wa, tó ti fi iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò sílẹ̀ nítorí ojú rẹ̀, ló kọ́ mi. Ó ní kí n fi sáńpépà àti omi ha á títí ọwọ́ ò fi ní mọ ibi tí kílíà parí sí. Ó ní kí n fi ọ̀dà àkọ́kùn aláwọ̀ eérú sí i, kí n tún ha á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí n wá fín búlúù inú agolo sí i, lẹ́yìn náà kílíà. Ó wá fà mí létí gidigidi pé ibi tí òróró bá kàn, ọ̀dà ò ní mú un. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán, kí n má fi ọwọ́ kàn án.

Bí mo ṣe délé, màmá mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún, nítorí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa ń fọwọ́ tì bó bá ń lọ sí ìdí àga rẹ̀ ní fàráńdà. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, òun tó fẹ́ràn àkàrà, ibi tí òróró bá kàn, ọ̀dà ò ní mú un. Ó ní òun gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ha bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, màá wọ àkísà, màá pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó di pẹrẹu. Èékánná mi jẹ tán. Ó dé ibi tí mi ò lè gbé apá sókè kọ̀wé sójú pátákó mọ́. Ẹ sì wá wo àwọn ará Adó! Kò sẹ́ni tó kọjá tí kò mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Ọ̀kan ní kí n máa yí ọwọ́ róbótó, èkejì ní kí n má yí i. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wọlé wá tààrà, ó bi mí pé ìgbà wo ni ọkọ mi á dé wá parí ẹ̀. Mo ní kó lọ bá ìyàwó ẹ̀ fọ abọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, ilé ìwé ti gba ìsinmi. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, òjò ò ṣú. Mo ti fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú sí i, mo ti tún un ha, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti jọ̀lọ̀. Mo fi tínà, omi tó máa ń fọ ọ̀rá kúrò, nù ún, mo wọlé lọ fọ ọwọ́, mo wá aṣọ di imú. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo jáde, mo mi agolo ọ̀dà, mo fín in láti etí kan dé ìkejì, fẹ́lẹ́, bí bàbá arúgbó ṣe kọ́ mi. Ó rẹwà. Ojú mi báyìí ni ọ̀dà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ó ń sá kúrò lójú ibì kan, ó ń ká jọ sí ẹ̀gbẹ́, bí omi lórí ewé kókò. Ìlà kan ṣí sílẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Òmíràn dábùú rẹ̀. Àgbélébùú ni, eérú láàárín búlúù, ó gùn tó apá mi.

Mo yíjú sí fàráńdà. Màmá mi jókòó sórí àga rẹ̀, ìgò òróró àdúrà rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ìka rẹ̀ kan ń dán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pariwo. Mi ò pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. "Màámi, ẹ ti ta mọ́tò yìí! Ẹ̀yin gan-an lẹ tà á, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá!" Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí mi, lójú gbogbo àdúgbò. Ó káwọ́ lé itan, ó ń wò mí.

Ariwo mi ló pe èèyàn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó rí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ gbì. Kí n tó ṣẹ́jú, inú ọgbà ti kún, wọ́n ti ń kọrin. Mo ní ẹ gbọ́ mi o, òróró ni kò jẹ́ kí ọ̀dà mú. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ pé òróró ni, ta ló ti rí irú òróró bẹ́ẹ̀ rí? Ẹnìkan tiẹ̀ ń tù mí nínú pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Díẹ̀ ló kù kí n sọ agolo ọ̀dà lù ú.

Kò sí àyè mọ́ láti jẹ́ kó gbẹ, kí n tún ha á, kí n tún bẹ̀rẹ̀ kó tó di Sátidé. Ìbínú ni mo fi parí ẹ̀. Mo fín búlúù tó kù, mo fín kílíà. Gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì dán bíi dígí, àfi àgbélébùú. Mo wọlé, mo sunkún.

Nígbà tó di Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ẹni tó ń ra kọ̀ndémù. Ìròyìn ti dé Ìyìn ṣáájú. Ẹnu géètì ló ti bọ́ bàtà rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé iwájú mọ́tò, ó dúró. Ó bi mí pé ta ló kọ ọ́ síbẹ̀. Mo sọ òótọ́: "Bọ̀ọ̀dá, òróró ni Màámi fi sí i. Ọ̀dà ò mú. Iṣẹ́ ló bàjẹ́." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìgbàgbọ́. Ẹni tó ń ra kọ̀ndémù ti ń fẹ̀yìn rìn. Ó ní òun ò lè gbé iná sí irú èyí, òun láwọn ọmọ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà ò ní lọ́wọ́ sí i láéláé, kí n máa fi gbé màmá. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Kò sí ẹnì kankan tó kí mi kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì! Èékánná mẹ́wàá! Ibi tí mo kùn dáadáa, tí èèyàn lè fi wojú, kò sẹ́ni tó wò ó. Ibi tó bàjẹ́ ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ dúpẹ́. Ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ ra ọ̀dà mìíràn. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi jáde, mo mú sáńpépà, mo fẹ́ ha àgbélébùú yẹn kúrò kí n ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ. Màmá mi pè mí láti fàráńdà.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Bó bá dán tán, ẹ̀gbọ́n rẹ á tún wá nǹkan mìíràn sọ sí mọ́tò ulé yìí."

Mo ní, "Màámi, mo sọ fún yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ibi tí òróró bá kàn, ọ̀dà ò ní mú un."

"Ìwọ lo sọ fún mi," ló wí. "Bí o ò bá sọ ọ́ ni, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ fún mi, tó jẹ́ kí n máa jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo ayé.

"Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá lè pariwo bẹ́ẹ̀? Ariwo rẹ ló dé Ìyìn. Mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mo sì bí ìwọ náà."

Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde, ó ní àbúrò òun á ti máa retí wa ní Igbemo. "O kú iṣẹ́," ló wí.

Inú bí mi gan-an. Mo fọ ọwọ́ mi, mo lọ mú kọ́kọ́rọ́.