Omi Tí Zéphirin Kò Mu

Zéphirin ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Òkúta ló ń fọ́ lórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wa ní Kèrè, láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn ọkùnrin a kó igi jọ sórí àpáta, wọn a dáná sí i kó lè sán, wọn a wá fi òòlù ńlá là á. Àwa obìnrin a jókòó nísàlẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, a ó máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ títí kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, yóò fi wá kó o fún àwọn tó ń kọ́lé. Nínú oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, oòrùn ń jó wọn lórí, àpáta ń jó wọn lẹ́sẹ̀, iná tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá tún wà láàárín. Ẹni tí kò bá mu omi níbẹ̀, ara rẹ̀ ló ń sè.

Zéphirin kì í mu omi.

N kò tètè mọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń bu omi kún bídọ̀n rẹ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́ bídọ̀n á padà wá lófìfo, inú mi á dùn. Ó di ọjọ́ kan tí mo gun òkè lọ gbé igi, mo rí koríko tútù yọ̀yọ̀ nínú ihò àpáta kan, nítòsí ibi tó máa ń bọ́ aṣọ rẹ̀ sí. Nínú oṣù kẹta! Nígbà tí ewúrẹ́ pàápàá ń jẹ páálí! Mo tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, ó rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo bi í. “Bàbá Éloi, ta lẹ ń bu omi fún lórí òkè?”

“Ìyá Éloi, fi mí sílẹ̀.”

“N kò ní fi yín sílẹ̀.”

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀. “Bí mo bá mu ún, yóò fẹ́ jáde. Kò sì ní jáde. Mo lè dúró títí ènìyàn yóò fi jẹ ẹ̀kọ méjì tán, ẹ̀kán méjì péré ló máa kán. Kí n tó gbé òòlù padà, ó tún ti dé. Níbo ni kí n lọ? Ṣé o rí igi kan lórí àpáta yẹn?”

Kò sí igi níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin wà lókè, àwa obìnrin wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá dúró tọ̀, gbogbo ayé ló ń rí ẹ̀yìn rẹ̀. Évariste, tó kéré jù nínú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ẹ̀fẹ̀: “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbin iṣu sórí àpáta ni, tí ẹ fi ń bomi rin ín báyìí?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Zéphirin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ló dẹ́kun omi mímu.

Mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn.

“Kí ọmọdébìnrin kan wá ní kí n bọ́ ṣòkòtò? Rárá. Bí o bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún Éloi ọmọ wa, o ti tú mi síhòòhò lójú ọjà.” Ó ní kí n fi orúkọ Màríà Wúńdíá búra. Mo búra. Bí ó ṣe tì mí mọ́ inú ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà nìyẹn.

Àwẹ̀ ogójì ọjọ́ bá dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Léonard, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, na ife omi sí i, ó kọ̀ ọ́. Léonard ní kí ló dé. Zéphirin mú ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

“Àwẹ̀ ni mò ń gbà.”

“Láìmu omi?”

“Láìmu omi.”

Ìdírísù, mùsùlùmí tó ń ra òkúta wa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámíọ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ tiwọn bọ́ sí oṣù kan náà. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Zéphirin, o kàn fẹ́ jù wá lọ ni! Tiwa, bí oòrùn bá wọ̀, a ń ṣínu. Tìrẹ ńkọ́?”

“Ó di ọjọ́ Àjíǹde.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Léonard ròyìn rẹ̀ fún katikíìsì tó ń kọ́ ìjọ wa, katikíìsì sì sọ ọ́ nínú ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí Zéphirin dìde kí gbogbo ìjọ rí i. Lẹ́yìn Mísà, àwọn obìnrin ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní orí ọkọ rere ni mo ní. Mo wo ọrùn Zéphirin láàárín èrò, ó ti gbẹ, ó hunjọ. Báwo ló ṣe tún fẹ́ gbé ife sẹ́nu? Tẹ́lẹ̀, ó ṣì ń jí omi díẹ̀ fi rin ọ̀fun. Ní báyìí, àwọn ọmọ àdúgbò gan-an ń ṣọ́ ọ.

Mo ń gbé omi fún un nínú yàrá, á mu ẹnu kan, á ní ó tó. Orí ń fọ́ ọ. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí padà. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo bẹ̀rù, ojú tí ọkọ mi máa fi wò mí ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, mo gbọ́ tí òòlù dákẹ́ lókè. Évariste kígbe. Mo sáré gòkè. Zéphirin wà nílẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò, kò sí òógùn kankan lára rẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Évariste gbé omi sí i lẹ́nu, ó pa eyín mọ́ra, ó ń mi orí.

“Dúró,” ni Léonard wí. “Ẹ̀jẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ ká bà á jẹ́ fún un.”

Wọ́n sì dúró. Ọkùnrin mẹ́rin, omi lọ́wọ́ wọn, wọ́n dúró nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Èmi tí mo mọ̀, èmi náà dúró. N kò ní purọ́: ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn yóò fi ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run ni mo fi dúró, tí mò ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò gbà mí láyè.

Mo wá là á. “Kì í ṣe àwẹ̀! Kò lè tọ̀ dáadáa ni! Ìtìjú ló ń pa á! Ẹ da omi lé e lórí!”

Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ gbọ́ ọ. Évariste da omi. Ìdírísù, tó wá kó òkúta lọ́jọ́ náà, fi kámíọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn nínú ìlú.

Sonia ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó tọ́jú rẹ̀. Ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, ohun tó jáde dúdú. Ó ní nǹkan kékeré kan wà lójú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin tó máa ń wú bí wọ́n bá ń dàgbà, ó ní oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí ẹ̀ sá fún omi nínú ooru báyìí, kíndìnrín rẹ̀ ló ń pa. Kò rẹ́rìn-ín. Kò wo ibi tí Zéphirin ń bẹ̀rù lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó rí mi, ó kọjú sí ògiri.

“O sọ fún wọn.”

“Mo sọ fún wọn.”

“Gbogbo wọn?”

“Títí dé ìsàlẹ̀.”

“Kí ni Léonard wí?”

“Ó wà níta. Ó ní ó di ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣe òun náà. Ó ti ní kí Sonia yẹ òun wò.”

Ó yíjú padà. “Léonard?”

“Ẹ̀yìn kámíọ̀ ló máa ń sá lọ.”

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. “Olè! Ó ní ẹsẹ̀ kámíọ̀ lòun ń yẹ̀ wò fún Ìdírísù!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí n fún òun lómi. Ife méjì ló mu lọ́wọ́ mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo pa ojú rẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, katikíìsì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí ohun tí òun ó sọ nípa àwẹ̀ náà. Ó ní bóyá ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún iyì rẹ̀. Éloi wò mí, òun náà fẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Mo ní, “Ẹ sọ pé òùngbẹ ló pa á, omi sì wà lọ́wọ́ wa.”

Ó wolẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi sọ ọ́ fún ìjọ.