Orúnkún Tíṣà

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kọ lẹ́tà lórí ìjókòó. Èmi tí mo fẹ́ ẹ ni kí ẹ bi.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra létí ló ń bá jà. Ó ní ọpọlọ máa ń gbàgbé, ara kì í gbàgbé. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ “affect” gbọ́dọ̀ dìde dúró, nítorí affect ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí òjò tó ń ba àjà jẹ́. Tó bá di “effect”, kó jókòó, nítorí ohun tí iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ nìyẹn, àbàwọ́n ara àjà. “Advise”, kó na ọwọ́ bí ẹni tó ń gbani níyànjú. “Advice”, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gba ìmọ̀ràn náà. Wọn kì í ṣì í kọ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ dé ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò wa, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tó ti kọ́ rí, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń jókòó bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àkọ́bí wa obìnrin, akọ̀wé ọ́fíìsì, lọ ṣe ìdánwò ìgbéga. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn, wọn kì í gbani láyè ẹ̀ẹ̀kẹrin. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde. Nígbà tí wọ́n dé ìbéèrè keje, tó ní kí wọ́n kọ irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn mọ́kànlá míì tí bàbá rẹ̀ kọ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jókòó, wọ́n na ọwọ́. Alábòójútó ìdánwò ní àmì ni wọ́n ń ṣe síra wọn, ó gba gbogbo ìwé wọn. Ó ní àfi kí ẹni tó kọ́ wọn wá kọ àlàyé lójú òun kí àkókò tó pé.

Wọ́n pè wá lórí fóònù. Inú bí mi, mo sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi fún ọkọ mi títí a fi dé gbọ̀ngàn.

Ó jókòó, ó kọ ìlà méjì, ó dé ibi tó ti fẹ́ kọ “affect” tàbí “effect”. Ó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ó tún gbìyànjú, òógùn bò ó. Ó wojú mi.

“Ìyá àwọn ọmọ, n kò mọ èwo ni.”

Ìbínú mi tán pátápátá. Ọmọ wa ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀.

“Ẹ dìde, Bàbá. Mo ti dì yín mú.”

Ó dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó fara ti tábìlì, ó kọ “affect”, ó sì parí àlàyé náà lóòró.

Alábòójútó kà á tán. Ó dá ìwé wọn padà, ó ní wọ́n lè máa dìde, pé ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò lè dá dúró, orúnkún kò sì jẹ́ kó jókòó mọ́. Ọmọ wa fi apá òsì gbà á mọ́ra, ó fi ọ̀tún kọ ìdánwò náà parí. Ọkọ mi di ojú rẹ̀ pinpin ní gbogbo àkókò náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó sọ ìdáhùn fún un.