Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Mọ́kànlá àti Àtùpà Ilé Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akunlé kan wá kun ògiri ọgbà wa. Nígbà tó parí, ó da kẹrosíìnì sínú agolo, ó sì jókòó lẹ́bàá géètì, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin fi ọwọ́ di imú, ó sá wọlé. Èmi dúró síbẹ̀, mo ń fa òórùn náà símú bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ọmọ náà yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa. Òórùn náà ti gbé mi padà sí Ìjerò, sí ilé ìdáná ìyá bàbá mi, níbi tí mo ti fi odindi ọyẹ́ kan ṣe ìyá fún ẹyin pẹ́pẹ́yẹ.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wá nígbà náà. Láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń ṣí bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, kiri bí ọmọ ayò. Ó ti kọ́ni ní Ìjùrìn, ó ti kọ́ni ní Erìjìyàn, kí wọ́n tó wá dá a padà sílé. Inú agbo ilé bàbá rẹ̀ la ń gbé, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ńtì ni, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, kòkó a sì máa gbẹ lórí ẹní ní iwájú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ètè wa á sán, Ìyá Àgbà á fi òrí pa wá lára títí a ó fi máa dán bí ìṣasùn tuntun.

Ní ọyẹ́ tí mò ń wí yìí, lúkúlúkú wọ àdúgbò wa. Àrùn adìẹ ni, ẹni tó bá rí i rí kò ní gbàgbé. Adìẹ á sorí kọ́, ọrùn rẹ̀ á lọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti nà gbalaja. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí àkùkọ kankan tó kọ mọ́ láti ilé wa títí dé ilé Bàbá Ràfíù káfíńtà, ará Ìwó tó jẹ́ aládùúgbò wa. Ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ikú àwọn adìẹ náà lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Àgbà nìkan ni àrùn náà kò rí gbé ṣe. Abo ni, funfun tó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú, ó sì máa ń rìn bí ìyàwó olóyè tó ń lọ síbi ìdúpẹ́. Akọ rẹ̀ ti bọ́ sínú ìkòkò wa ní Kérésì. Ó ti yé ẹyin mọ́kànlá sínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í sàba lé wọn. Ìyá Àgbà ti sọ fún gbogbo ayé pé láti ara rẹ̀ ni ilé yóò ti tún kún.

Iṣẹ́ tèmi kò ju ẹyọ kan lọ: kí n máa ti ilẹ̀kùn ilé pẹ́pẹ́yẹ náà ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ mi ń ta òkòtó ní iwájú ilé, mo ní kí n ta ẹyọ kan péré kí n tó lọ tilẹ̀kùn. Òkòtó mi kò tíì dákẹ́ yíyí tí a fi gbọ́ ariwo lẹ́yìnkùlé. Ajá ọdẹ kan ti wọlé. Ẹyin mọ́kànlá náà kò fọ́, ṣùgbọ́n ajá náà ti gbé ẹni tó yé wọn lọ.

Ìyá Àgbà kò nà mí. Ká ní ó nà mí ni, ara ì bá tù mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ló ti ń pè mí ní "Yèyé mi", nítorí ẹ̀yìn ikú ìyá rẹ̀ ni mo dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ti ń ṣa ẹyin sínú igbá, orúkọ ìsàmì mi ló fi pè mí, bí tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà. Ó ní kí n lọ jẹun. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo lọ sọ fún bàbá mi pé èmi ni n ó sàba lé ẹyin náà títí wọn yóò fi di ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Adìẹ tí à bá fi wọ́n sábẹ́ rẹ̀ kò sí, lúkúlúkú ti kó gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ìwé iṣẹ́ ọ̀gbìn kan tí àwòrán àpótí ìpamọ, èyí tó ń pa ẹyin láìsí ìyá, wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e lọ bá Bàbá Ràfíù.

Bàbá Ràfíù fi àjákù pákó kan àpótí náà, bó ti ń kàn án ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Wàláì, mo ti kan bẹ́ẹ̀dì, mo ti kan pósí, n ò kan ìyá pẹ́pẹ́yẹ rí!" Àjà méjì ni àpótí náà ní. Àtùpà wà nísàlẹ̀, ẹyin wà lókè lórí iyanrìn, òwú bò wọ́n, àwo omi kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ihò mẹ́rin sì wà lára pákó tí èéfín ń gbà jáde. Àtùpà méjì péré la ní nínú ilé. Nígbà tí ọ̀kan ti lọ sábẹ́ ẹyin, gbogbo wa wá ń du ìkejì. Bàbá mi a máa sún mọ́ ọn láti máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, títí iná fi jó o nírun iwájú lọ́jọ́ kan.

Ìyá Àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìmọ̀ rẹ̀ dù mí. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa gbé ẹyin lé ìpéǹpéjú. Bó bá gbóná jù, kí n yí iná àtùpà wálẹ̀. Bó bá tutù, kí n yí i sókè. Òun náà ló ní pẹ́pẹ́yẹ a máa wẹ̀, a sì máa fi ìyẹ́ tútù padà sórí ẹyin, nítorí náà kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́n wọn. Mo ń yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: kí n tó lọ sílé ìwé, bí mo bá dé, àti ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò ta òkòtó mọ́. Ara mi ń rùn fún kẹrosíìnì, àwọn ọmọ kíláàsì mi wá sọ mí ní Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Mo jẹ́ orúkọ náà, mi ò bá wọn jà. Nígbà tí bàbá mi fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin wò, méjì mọ́ gaara, kò sí nǹkan nínú wọn. Ó ku mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjọ́ kíkà. Ìwé bàbá mi ní ọjọ́ márùndínlógójì ni irú pẹ́pẹ́yẹ tiwa ń lò. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ti ọdún tó kọjá ni. Ìyá Àgbà, tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà, ní kí là ń da ara wa láàmú sí. "Ọrún méje ni. Éè le." Ọrún-ọrún ni ọjà wa, márùn-ún lọ́nà méje sì ni márùndínlógójì, tíṣà ìṣirò gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ọjà kan tó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹyin wọ àpótí. Láti ọjà tó tẹ̀ lé e, bí Ìyá Àgbà bá ti gbé igbá èlùbọ́ rẹ̀ jáde báyìí, èmi á fi èédú fa ìlà kan sára pákó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà náà, mo fi ẹ̀kọ lẹ àwọn káàdì aláràbarà tí wọ́n ń fún wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, kí ilé àwọn ọmọ mi lè lẹ́wà.

Ìlà keje pé, ẹyin kò mira. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọn kò mira. Bàbá Ràfíù yọjú, ó fi ìka kan ẹyin kan, ó ní, "Ti bàjẹ́ ni. Ẹ tètè gbé e jáde kó tó bú mọ́ yín lójú." Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti gbé àtùpà rẹ̀, ó rọra sọ pé mo ti gbìyànjú. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo fi apá méjèèjì gbá àpótí náà mọ́ra, mo ní bí wọn yóò bá gbé àtùpà, kí wọ́n gbé èmi náà. Mi ò sunkún. Ojú mi wà lára pákó, mo sì ń ka ohun tó wà níbẹ̀ torí kí n má baà wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìlà méje. Káàdì mẹ́rin.

Mo tún un kà. "Bàbá, ọjọ́ ìsinmi mélòó ló wà nínú ọjọ́ márùndínlógójì?"

"Márùn-ún."

"Káàdì mẹ́rin ni mo ní. Mi ò sì pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ rí."

Bàbá mi gbé àtùpà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka: ọjà lónìí, ọ̀la, ọ̀tunla, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún ọjà tún dé. Ó dúró lórí ìka karùn-ún, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ọjọ́ karùn-ún yẹn náà la tún fi ń bẹ̀rẹ̀ ọrún tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan la ti kà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjà dé ọjà, ọjọ́ mẹ́rin ni. Títí di àná, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni ẹyin ti lò. Ojú ti tíṣà ìṣirò, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀ tí iná jó. Ìyá Àgbà kò gbà ní tirẹ̀. "Ọrún ni bàbá mi kà, ọrún ni mo kà. Éè sí ẹni tó ń pe mẹ́rin ní ọrún!" Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù, wọ́n sì gùn ju gbogbo ti ẹ̀yìn lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé etí lé àpótí, mo gbọ́ ìró kékeré bí ẹni tó ń fi èékánná kan pákó. Ihò kan ti lu sára ẹyin kan, àgógó sì ń mira nínú rẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé mi ò lọ sílé ìwé. Tíṣà pọ́ńbélé ni, ó wo àpótí, ó wò mí, ó ní, "Jókòó." Kí oòrùn tó wọ̀, mẹ́fà ti jáde, ara wọn tutù, wọn kò dára lójú rárá, mo sì fẹ́ràn wọn dé ibi tí àyà mi ń dùn mí. Mẹ́ta kò jí. Bàbá Ràfíù sáré dé tòun ti òòlù lọ́wọ́, ó ní "Sùbùhánàlláhì", ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo kó wọn lọ sí ilé kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọ́n tò tẹ̀ lé mi lẹ́yìn nítorí wọn kò mọ ìyá mìíràn. Ìyá Àgbà dúró ti òpó, ó ń wò wá. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn wọlé, ó ní, "Yèyé mi, ti ulẹ̀kùn o."

Mo tì í. Mo wá jókòó sídìí ilẹ̀kùn náà, mo sun ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé àtùpà.

Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ọjọ́ ọjà ìlú wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ ọmọ adìẹ, inú páálí ló ti ń rà á. Ikán ti jẹ àpótí Bàbá Ràfíù, òun náà ti lọ, Ìyá Àgbà ti lọ, kò sì sí ẹni tó ń pè mí ní ìyá rẹ̀ mọ́. Mi ò ra àtùpà kankan sínú ilé yìí láti ọdún púpọ̀. Ohun tó kù mọ́ mi lọ́wọ́ kò tóbi.

Akunlé náà kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dágbére, ó sì fi géètì sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ ọmọ mi kígbe láti inú ilé pé kí n jókòó, òun ń bọ̀ wá tì í tó bá yá. Mo ti dìde lọ tì í kó tó sọ̀rọ̀ tán.