Ìkókó Tí A Kò Tíì Sọ Lórúkọ

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, olùkọ́ tuntun tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ wa dìde, ó kìlọ̀ fún àwa òbí pé: "Ẹ má kẹ́ wọn jù. Láti kékeré ni kí ẹ ti fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà wọ́n." Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Èmi kò ṣe é. Ọwọ́ òsì ọmọbìnrin mi, tó jókòó tì mí, ni mo ń wò.

Mo rántí ìgbà tí ọmọ náà wà ní kíláàsì kejì, tí à ń gbé yàrá méjì ní Dansoman, ní Accra, tí bàbá rẹ̀ sì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Abossey Okai. Mo bí ọmọkùnrin kan lọ́dún náà. Ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ ló kú. Mo ti ra oyin àti ataare sílẹ̀. Àwọn àgbà wá kí wa, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n sin ín láìlórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa.

Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ní nígbà tí a kò ti ṣèrìbọmi fún ìkókó náà, etí ọ̀run àpáàdì ló wà, níbi tí iná kò dé, ṣùgbọ́n tí kò ti ní rí ojú Ọlọ́run. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Alábàágbé wa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, tó ń lọ sí ìjọ tó ń sìn lọ́jọ́ Sátidé, rẹ́rìn-ín sí i.

"Màmá, ta ló fún ọ̀run àpáàdì ní yàrá àti pálọ̀? Ọmọ yẹn ń sùn páà, oorun gidi ló ń sùn. Kò sí òkú tó ń jóná níbì kankan báyìí."

"Ìwọ tí o ń sùn títí oòrùn fi ń kan àtàrí, o fẹ́ kí òkú náà máa sùn!" ni ìyá ọkọ mi fi dá a lóhùn.

Èmi náà dá sí i. Mo ṣí Bíbélì, mo ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipò òkú àti adágún iná, bí ẹni tó ti fi tépù wọn ilẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A rò pé kò gbọ́ tiwa.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìyè, inú iná ni yóò lọ. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Àmọ́ kò jẹun dáadáa mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dá iná èédú sí kóòpọ́ọ̀tù, ààrò onírin wa, mo sì wọlé lọ gbé ìkòkò. Mo gbọ́ igbe. Nígbà tí mo jáde, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ òsì lé ẹyín iná.

"Kí lo ṣe báyìí? Kí lo ṣe?"

"Màámi, mo fẹ́ mọ bó ṣe ń dun àbúrò mi ni. Kò lórúkọ. Wọn ò ní rí i nínú ìwé yẹn."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo wa tí a mọ ọ̀run àpáàdì dé kọ̀rọ̀, omi là ń sáré bù sí ọwọ́ ọmọ náà. Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, ọkọ mi, tí kò dá sí àríyànjiyàn náà rí, kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ó ní òun ti mú orúkọ kan sọ́kàn fún àbúrò rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí i létí, ó sì fi oyin tí mo rà tọ́ ọ lẹ́nu.

"Ṣé Ọlọ́run gbọ́, Bàámi?"

"Ó ti gbọ́ kí n tó sọ ọ́."

Ọmọ náà sùn. Ṣùgbọ́n ìka méjì lára ọwọ́ yẹn kò nà tán títí dòní, bẹ́ẹ̀ ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Mo gbàgbọ́ pé ọ̀run àpáàdì wà. Bí wọ́n ṣe pín in, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì jiyàn lé e lórí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó dárúkọ iná fún wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú nílé wọn.