Ímeèlì Tí Mo Fi Ta Ìrẹsì Ìyá Mi

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi nìkan ló kù nílé wa l'Ábẹ́òkúta, èmi àti àpò ìrẹsì ọ̀fadà tó kún pálọ̀. Ìrẹsì títà ni iṣẹ́ ìyá mi. Wọ́n máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Kọ́bapẹ́, a ó ṣa òkúta inú rẹ̀, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà n'Íbàdàn, l'Ékòó àti n'Ílọrin. Àbúrò mi ọkùnrin ti sọ tirẹ̀: bí ìrẹsì yìí kò bá tà kí oṣù tó parí, kí n ti ilé pa, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun l'Ékòó. N kò fẹ́ lọ. Ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn ilé ìyá mi láàárọ̀?

Ọ̀nà kan ò kúkú wọjà. Mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ímeèlì polówó, lórí fóònù. Olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tó ń kánjú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀, ní ká pín àwọn oníbàárà wa: àwọn tó ń rà fún ilé lọ́tọ̀, àwọn tó ń rà fún ilé oúnjẹ lọ́tọ̀. Ìyẹn dára. Ó ní ká máa fi í ránṣẹ́ lásìkò tí owó oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìyẹn náà dára. Ó wá ní kí ọ̀rọ̀ kúrú, kí bọ́tìnì kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀ tí èèyàn yóò tẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ráyè ìtàn.

Ìyá mi ì bá rẹ́rìn-ín. Nígbà ayé wọn, bí ìrẹsì tuntun bá dé, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa sọ ohun tí a ó kọ sí àwọn oníbàárà, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ká tó kan ìrẹsì, a ó ti béèrè orúnkún ẹnìkan, a ó ti kí ẹlòmíràn kú ìnáwó ọmọ. Inú máa ń bí mi, torí ìka á ti máa ro mí. Báyìí, mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ya fọ́tò ìrẹsì lójú fèrèsé, mo kọ ọ́ pé ọ̀fadà tuntun ti dé, ẹ tẹ ibí kẹ́ ẹ rà á. Mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Kẹ́kẹ́ pa. Mo gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé e lọ sílé ìdáná, kò dún. Àbúrò mi pè, ó béèrè ọjà, mo ní ó ń lọ. Irọ́ ni. Àárò ìyá mi sọ mí débi pé mo ń bá àpótí wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá àgbà kan n'Íbàdàn fèsì, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tó ti ń ra ìrẹsì wa láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìwọ lo kọ èyí, mo mọ̀. Ìyá rẹ kì í polówó fún mi láìkí mi. Níbo ló wà?"

A pe ìjọ, a pe ẹbí, a sin ìyá mi, a gbàgbé àwọn oníbàárà tó wà lókèèrè. Nílẹ̀ wa, wọ́n máa ń túfọ̀ àgbà kí ọmọ rẹ̀ tó pàtẹ ọjà rẹ̀. Èmi ti pàtẹ, n kò túfọ̀.

Mo jókòó sórí àpótí náà, mo kọ òmíràn. N kò fi bọ́tìnì sí i. Mo kí ẹnìkọ̀ọ̀kan bí ìyá mi ṣe máa ń kí wọn, n kò gbàgbé orúnkún. Mo wá tẹ ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí: ìyá mi ti sùn, èmi ọmọ wọn ni mo ń ta ìrẹsì náà báyìí. Ẹkún ni mo fi parí rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù ti kún inú fóònù. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ iye àpò tí wọ́n fẹ́. Ìyá àgbà Ìbàdàn ló kọ gbẹ̀yìn.

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fi àpò méjì ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ alára ń kọ́? Ṣé o ti jẹun?"

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀. Mo fèsì pé rárá, mà, n kò tíì jẹun. Mo tú àpò kan, mo fọ ìrẹsì, mo gbé e kaná. Nígbà tí àbúrò mi pè, mo sọ fún un pé n kò ní í wá sí Èkó, pé mo ń se oúnjẹ lọ́wọ́.